Àyà Òṣèré Lójú Agbo: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Wéré àti Fújì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ẹ̀rù ejò, kì í sì í ṣe ẹ̀rù olè. Ẹ̀rù tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí í mú akọrin tí ohùn rẹ̀ ń dún ketekete nínú yàrá, ṣùgbọ́n tí ohùn náà pòórá bí wọ́n ti gbé máìkì lé e lọ́wọ́ lójú agbo. Láti Mafolúkù títí dé ààlà Èjìgbò, ní gbogbo àdúgbò tí ó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bóyá ni òpin ọ̀sẹ̀ kan ń kọjá tí a kò gbọ́ ìlù ìnáwó ní òpópó kan tàbí òmíràn. Àwọn gbajúmọ̀ ni wọ́n ń lu díẹ̀ nínú ìlù wọ̀nyí. Èyí tí ó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àwọn télọ̀, àwọn akọ̀wé, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n dá owó jọ ra ìlù, tí wọ́n sì ń yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn lò. Orin kọ́ ni iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe yan àkòrí yìí.

Kí a má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Bí ojú bá ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú èrò, kì í sábà pẹ́ tí yóò fi tú ká. Wọn a ta ìlù, ẹni tí ó yá owó a máa bá gbèsè yí. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ohùn rẹ̀ dára yóò gbà gbọ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ pé a kò dá orin mọ́ òun. Àwọn ará àdúgbò a sì máa ràn án lọ́wọ́ láti gbà á gbọ́: wọn a ní kò láyà, wọn a ní a kì í kọ́ àyà, bíbí ni a ń bí i mọ́ ènìyàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni ó ni àyà tí à ń rí lára òṣèré. Ẹgbẹ́ ni ó ń kọ́ ọ pa pọ̀ bí a ti ń kọ́ ilé, ó sì ní ìpele tí a kò gbọdọ̀ fò. Ní àdúgbò tí mo mẹ́nu bà yìí gan-an ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìtìjú

Èdè wa ti ṣe ìyàtọ̀ kan tí ó yẹ kí a kíyè sí. A ń sọ pé ẹ̀rù bà mí; a sì ń sọ pé ojú tì mí. Ẹ̀rù lè ba ènìyàn nínú igbó níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ojú kì í ti ènìyàn níbi tí kò bá sí ojú mìíràn tí ń wò ó. Olórin ńlá tí ó gbéra láti Èkó lọ ṣeré ní Ìlọrin lè bẹ̀rù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àṣìṣe, ọ̀la ni yóò padà sílé. Olórin àdúgbò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Onílé rẹ̀ wà lórí àga iwájú, àna rẹ̀ wà lábẹ́ kánópì, olùkọ́ tí ó nà án ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wò ó, ọmọbìnrin tí ó ń wá ojú rere rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá mọ́, àwọn wọ̀nyí kan náà ni yóò tún bá pàdé nídìí omi àti ní ibùdókọ̀. Ní apá yìí, iṣẹ́ olórin àdúgbò nira ju ti gbajúmọ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì kàn sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù kò tíì mọ ohun tí ń dùn ún.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń fi ẹ̀yà ara dárúkọ ìyọnu yìí: àyà já, ara gbọ̀n, ọ̀nà ọ̀fun gbẹ, ahọ́n wúwo. Kì í ṣe àsọdùn. Bí a bá ti rò pé ewu ń bọ̀, ara a tú èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní adirẹnálìn sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a máa lù kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ lè yára dé apá àti ẹsẹ̀, èémí a di kúkúrú, itọ́ ẹnu a gbẹ, ìka ọwọ́ a tutù. Ara ń múra láti sá tàbí láti jà ni. Kò mọ̀ pé èrò ìsọmọlórúkọ ni ó wà níwájú òun, kì í ṣe ẹkùn. Nínú gbogbo rẹ̀, èémí kúkúrú ni ó ń ba ti akọrin jẹ́ jù, nítorí pé láìsí èémí kò sí orin. Ìka tutù ni ti onígìtá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí ó fara balẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ara tí ó ti gbóná láti tutù lójijì. Ní ọdún 2014, Alison Wood Brooks, olùwádìí ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ó ní kí wọ́n kọrin níwájú ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu ara wọn sọ pé ara àwọn ń yá kọrin dáadáa ju àwọn tí wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn lọ. Àyà tí ń lù kì kì kì nínú ẹ̀rù náà ni ó ń lù nínú ara yíyá. Orúkọ tí a bá sọ ọ́ ni ó ń yí i padà.

Ẹ̀kọ́ kejì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní 1965, Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tí a bí ní Poland tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí àwọn ẹlòmíràn bá ń wò wá, a máa ń ṣe ohun tí ó ti mọ́ wa lára dáadáa sí i, a sì máa ń túbọ̀ ba ohun tí kò tíì mọ́ wa lára jẹ́. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aáyán dán ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ọ̀nà bá gún tààrà, aáyán a túbọ̀ yára bí àwọn aáyán mìíràn bá ń wò ó. Bí ọ̀nà bá ní kọ̀rọ̀, wíwò náà a fà á sẹ́yìn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rántí aáyán yìí nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ fi orin tí ẹ kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì ṣí eré ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èrò kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń lọ ní òru

Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn ti ní ilé-ẹ̀kọ́ kan rí tí kò ní pátákó ìkọ̀wé. Nínú oṣù Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ a kó ara wọn jọ lóru, wọn a mú ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, wọn a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti jí àwọn aláààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ajísààrì ni à ń pe irú eré bẹ́ẹ̀, a sì tún ń pè é ní wéré. Ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní Muṣin, tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní ti ìṣàkóso kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́. Bí onílé bá fún wọn ní nǹkan, inú rere rẹ̀ ni.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù nínú eré yìí ni òkùnkùn rẹ̀. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ọmọ ọdún 12 kan tí ó dúró ní ẹnu ilé tí iná kò sí. Àwọn tí ó ń kọrin fún wà lórí ibùsùn, lẹ́yìn ògiri. Wọn kò rí i, òun náà kò rí wọn. Kò sí ojú níbẹ̀, nítorí náà ojú kò lè tì í. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ó jáde lọ, ohùn náà sì ní iṣẹ́ kan pàtó láti ṣe: kí ẹni tí ó sùn jí. Bí fìtílà bá tàn lójú fèrèsé, ohùn ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn, a jẹ́ pé kí wọ́n tún un pè, kí wọ́n dárúkọ baálé ilé náà, kí wọ́n fi kún ìlù. Báyìí ni ọmọ náà ṣe ń kọ́ láti rán ohùn lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí ó ń mọ orúkọ àti oríkì àwọn ará àdúgbò, tí ó sì ń mọ̀ láìsí ẹni tí ó sọ fún un pé orin tí òun ń kọ kì í ṣe nípa òun fúnra òun. Bí 29 tàbí 30 òru ni yóò fi máa ṣe é lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò tó mú un jáde sí ìmọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà ni ìdíje. Àwọn ẹgbẹ́ wéré a pàdé, wọn a kọrin níwájú èrò àti àwọn adájọ́, a sì fún ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ẹ̀bùn. Níbẹ̀ ni ojú ti ń wo ojú. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ náà ti gbó kí ojú tó dé, ohun tí ó kù fún un láti kọ́ kò ju bí a ṣe ń dúró lọ. Mo gbà pé ètò yìí, kí ohùn ṣáájú kí ojú tẹ̀lé e, ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ akọrin fi ti inú wéré jáde pẹ̀lú àyà tí ń ya ẹni lẹ́nu. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jókòó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ àti òru ni wọ́n ṣètò rẹ̀.

Akọ̀wé ológun kan ní Òṣòdì

Síkírù Àyìndé Balógun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Barrister, ni àpẹẹrẹ tí ó bá àdúgbò wa mu jù. A bí i ní ọdún 1948. Láti kékeré ni ó ti ń kọ wéré. Ó gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1966, síbẹ̀ orin kò tíì di iṣẹ́ oòjọ́ fún un. Ó ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries. Ní àkókò ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1967 sí 1970, ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ó sì dé ojú ogun ní ìhà Awka, Abagana àti Onitsha. Lẹ́yìn ogun, a gbé e wá sí Apapa, lẹ́yìn náà sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ mìíràn, èyí tí ó wà ní Òṣòdì. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí a wá mọ fújì mọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn jẹ́ òṣìṣẹ́ ológun ní Òṣòdì, tí ń fi ọwọ́ kan kọ̀wé, tí ń fi ọwọ́ kejì di orin mú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí mo ń torí wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi ka ọdún wọ̀nyẹn. Láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ títí ó fi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tí ó sì sọ orin di iṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Supreme Fuji Commanders, ó ju ọdún 10 lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá wá rí i lẹ́yìn náà, tí ó dúró bí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó tẹ̀, lè sọ pé a bí i mọ́ ọn ni. Òru Ramadan mélòó ni ó wà lẹ́yìn ìdúró náà? Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá kò fi ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti wá pamọ́, nítorí pé orúkọ ọ̀gágun ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ti tò lórí ìlà ní bárékè mọ ohun kan nípa ìdúró tí ilé-ìwé orin kì í kọ́ni.

Onílù àti elégbè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ tó 34. Iye yìí ṣe pàtàkì fún àlàyé mi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àwọn baba wa ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ojú agbo. Ẹni tí à ń wò ní iwájú, tí a ń yìn pé ó láyà, àyà 34 ni ó ń lò.

Ìsọlọ̀ ni Barrister kọ́ ilé sí, ilé tí a mọ̀ sí Fuji Chambers. Ó kú ní London ní ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, 2010, ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ náà ni a sì gbé e wá sin sí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Wàsíù Àyìndé, tí a bí ní 1957, ti kọ́ṣẹ́. Wàsíù ti ń kópa nínú ìdíje orin láti kékeré, síbẹ̀ nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Barrister ní 1975, ẹrù ni ó ń gbé: ó ń kó ohun èlò sínú ọkọ̀, ó sì ń kó o jáde. Títí di 1978 ni ó wà níbẹ̀, tí ó ń ti ẹ̀yìn wo iwájú. Nígbà tí ó gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1980, Ìbà ni ó pè é. Kì í ṣe nínú fújì nìkan ni a ti rí irú èyí. Ebenezer Obey ti wà lẹ́yìn Fatai Rolling Dollar kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé náà ti wà lẹ́yìn Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá ń pè ní Baba Sálà.

Ẹ̀yìn tí ń mú iwájú dúró

Ẹ jẹ́ kí a yẹ inú eré fúnra rẹ̀ wò. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwà ọmọlúàbí nìkan ni ó mú kí òṣèré máa júbà kí ó tó ṣeré. Ọgbọ́n iṣẹ́ tún ni. Ọ̀rọ̀ ìbà ni akọrin mọ̀ jù lọ, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí orúkọ ara rẹ̀, nítorí náà ọ̀fun rẹ̀ ṣí lórí ohun tí kò lè gbàgbé. Èémí a padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta yìí. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; ó tọrọ àforíjì lórí àṣìṣe tí kò tíì ṣe; ó dárúkọ àgbà tí ojú rẹ̀ le, ojú náà sì rọ̀. Kí ó tó ṣe tán, àlejò kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn oníwéré a máa fi orúkọ Ọlọ́run àti ìyìn Ànábì bẹ̀rẹ̀, àwọn alárìnjó a máa júbà, Hubert Ogunde náà kì í ṣàì fi orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣí eré rẹ̀. Mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ tuntun kan ti ń gé ìbà kúrò nítorí wọ́n ní ó ti di ti ayé àtijọ́. Àtẹ̀gùn ni wọ́n gé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá ń fò wọlé.

Ohun kejì ni ègbè. Bí akọrin bá dá orin, tí elégbè gbè é, àkókò tí wọ́n fi ń gbè é kì í ṣe òfìfo. Nígbà náà ni akọrin ń mí, tí ó ń ronú ọ̀rọ̀ tí ó kàn, tí ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò kì. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ìlà tirẹ̀ kúrú, kí ègbè gùn. Bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ pátápátá, kí ó na ọwọ́ sí elégbè bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti fẹ́ ẹ. Kò sí ẹnì kan nínú èrò tí yóò mọ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá bojú jẹ́. Onílù gángan wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlù rẹ̀ lè fọhùn: bí orúkọ olóde bá fò akọrin, ìlù lè pè é. Ṣùgbọ́n báwo ni ìlù yóò ṣe ran ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ́wọ́? Mo ti rí ẹgbẹ́ tí wọ́n fi akọrin sí iwájú pátápátá, lábẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń ké, tí wọ́n sì kó onílù sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ti ya orí kúrò lára ọrùn.

Barrister sọ nígbà ayé rẹ̀ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànù tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú kan ni òun ti mú orúkọ fújì. Ìyẹn rán mi létí òṣèré kan ní ilẹ̀ kan náà, Zeami, tí ó kọ ìwé fún àwọn òṣèré ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ó ní òṣèré gbọ́dọ̀ fi ojú àwọn tí ń wòran wo ara rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò lè rí. Ta ni yóò bá wa rí ẹ̀yìn wa? Nínú ẹgbẹ́ olórin, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: àwọn elégbè àti onílù.

Títún àtẹ̀gùn náà kàn

Fóònù ni ó ń jí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún sààrì lónìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí sì ń ṣe ìyókù. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ tí wéré ń ṣe, nítorí pé inú ègbè ni wọ́n ti ń mú ọmọdé bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ní kí ó dá orin. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́jọ dá sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìsọlọ̀ kò ní òru kankan. Láti yàrá ni wọ́n ti ń bọ́ sójú agbo tààrà. Ó di dandan kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe òru náà.

Kí wọ́n máa pa iná nígbà ìdánrawò, kí wọ́n kọrin nínú òkùnkùn títí ohùn yóò fi mọ ọ̀nà rẹ̀ láìsí ojú. Iná ìjọba kì í sábà jẹ́ kí èyí ṣòro ní àdúgbò wa. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jáde sí gbangba, kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ bàtà àti aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sóde, nítorí pé agbádá tuntun lè gba ọwọ́ onílù. Òṣòdì fúnra rẹ̀ jẹ́ ibi ìdánrawò tí kò lẹ́gbẹ́. Ọkọ̀ òfurufú tí ń bà sí pápákọ̀ Murtala Muhammed ń kọjá lókè, ọkọ̀ ojú irin ń fun fèrè, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń bú. Ẹni tí ó bá lè pa ohùn rẹ̀ mọ́ láàárín ìwọ̀nyí, ariwo ìnáwó kò ní tú u. Ìpele tí ó kàn ni kí wọ́n bẹ ẹgbẹ́ tí ó ti gbó kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣeré fún ìṣẹ́jú 15 nígbà tí òun bá ń sinmi. Àwọn èrò ń jẹun nígbà náà, ojú wọn wà nínú àwo. Òkùnkùn díẹ̀ ni ìyẹn náà.

Ní ọjọ́ eré gan-an, orin tí ó ti gbó jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi ṣáájú. Kí wọ́n yí okùn gìtá àti awọ ìlù sí ohùn tí ó yẹ kí èrò tó jókòó, kì í ṣe lójú wọn. Ní ti ojú, kí akọrin má wo ilẹ̀, kí ó má sì wo gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹni tí ó bá wo gbogbo èrò kò rí ẹnì kankan. Kí ó yan ìyá kan tí ó ti ń mi orí sí orin, kí ó kọrin fún un. Lẹ́yìn náà kí ó wá ẹlòmíràn ní ẹ̀yìn. Orúkọ àwọn olóde ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lọ bá ìyàwó ilé tàbí ẹ̀gbọ́n olóde ṣáájú, kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí ó ti kú, kí a má baà kí òkú bí alààyè. Bí wọ́n bá ń lẹ owó mọ́ iwájú orí akọrin, kí ojú rẹ̀ má bá owó lọ sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ni kí ó máa ṣà á, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì ti mọ ẹni náà láti ilé.

Mo ní láti mẹ́nu ba paraga. Ó pọ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀, àwọn tí ń tà á a sì máa sọ pé ó ń lé ìtìjú lọ. Òótọ́ ni pé ọtí ń lé ìtìjú. Ó ń lé etí lọ pẹ̀lú. Onílù tí ó ti mu ún kì í mọ̀ pé òun ti ń sáré ju orin lọ, akọrin a sì máa rò pé ohùn òun dùn ju bí ó ti rí. Ewu rẹ̀ kejì ni pé ẹni tí ó bá fi ọtí gba àyà lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ̀ bóyá òun ní àyà tirẹ̀. Omi ṣíṣú ni kí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, kì í ṣe èyí tí ó tutù nini, kí wọ́n sì mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n mí síta pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó gòkè.

Ó ku ìpàdé tí a ń ṣe lẹ́yìn eré. Kí wọ́n má ṣe é ní òru ọjọ́ náà. Ara gbogbo wọn ṣì gbóná, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nígbà náà a máa dọ́gbẹ́, ó sì ti tú ẹgbẹ́ púpọ̀ ká ju àṣìṣe fúnra rẹ̀ lọ. Kí wọ́n pín owó, kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà fún olówó rẹ̀, kí wọ́n lọ sùn. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, kí wọ́n jókòó. Elégbè ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí onílù tẹ̀lé e, kí akọrin gbẹ̀yìn, nítorí pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú èrò lẹ́ẹ̀kan náà.